Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀jẹ̀ ti lò nínú fíríìjì? Ohun tí ìpamọ́ ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì pupa

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ láàbù, àti ẹ̀yin tí aláìsàn ilé yín ló gbé yín wá síbí. Ìbéèrè tí àwọn mọ̀lẹ́bí máa ń bi òṣìṣẹ́ bánkì ẹ̀jẹ̀ jù lọ ni pé, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ tuntun ni?" Wọ́n á wo déètì ara báàgì, bí ó bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti gba ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n á fajú ro. Ẹlòmíràn á tiẹ̀ bẹ̀ wá pé kí a fi èyí sílẹ̀, kí a gba ti àbúrò aláìsàn tó dúró síta, kí a sì fà á sí i lára ní gbígbóná.

Wọn kò jẹ̀bi. Ẹ̀jẹ̀ ń yí padà nínú fíríìjì lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì ní kò sí ohun tó ń ṣe é ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àmọ́ iye ọjọ́ nìkan kò tó fi dá ẹ̀jẹ̀ lẹ́jọ́. Báàgì tó lo ọjọ́ 28 láàárín dígírì 2 sí 6 láìyẹ̀ dára fún aláìsàn ju báàgì ọjọ́ 5 tó wà nínú fíríìjì tí iná rẹ̀ ń lọ, tó ń bọ̀. Ohun tí a wá ṣàlàyé lónìí nìyẹn, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ àbúrò tó ṣì gbóná yẹn, ẹ jẹ́ ká ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kíákíá. A gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo ẹ̀jẹ̀ wò fún HIV, hẹpatáítìsì B àti C, àti àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní sífílíìsì, ìkánjú kì í sì í jẹ́ kí àyẹ̀wò péye. Yàtọ̀ sí ìyẹn, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ mọ̀lẹ́bí tímọ́tímọ́ lè ráyè wọlé sára aláìsàn láìjẹ́ pé ara rẹ̀ mọ̀ wọ́n ní àlejò, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà látinú. Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú kì í sábà yè é. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe jẹ́ tuntun tó ni ewu náà ṣe pọ̀ tó, torí pé sẹ́ẹ̀lì funfun ń kú nínú òtútù. Nítorí náà, níbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìtànṣán pa agbára sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ mọ̀lẹ́bí kí wọ́n tó lò ó.

Oúnjẹ tó wà nínú báàgì

Báàgì tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ń gba mílílítà 450 ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ̀jẹ̀ tó dé inú rẹ̀ ni mílílítà 63 omi oògùn kan ti wà níbẹ̀, CPDA-1 ni wọ́n kọ sí i lára. Sítréètì inú rẹ̀ ń so mọ́ kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Fọ́sífétì ń dín kíkan ẹ̀jẹ̀ kù. Ṣúgà rẹ̀ ni oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì. Ádínáìnì sì ni ohun èlò tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tún ATP ṣe, ATP yìí sì ni owó tí sẹ́ẹ̀lì ń ná sórí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n oògùn sí ẹ̀jẹ̀ ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ àbùkù tí a ń dá ọjọ́ lẹ́bi fún ló sì ti bẹ̀rẹ̀ láti orí àga ẹni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ tó wọlé bá kéré ju ohun tí báàgì fẹ́ lọ, sítréètì á pọ̀ jù fún un, ẹ̀jẹ̀ á sì kan láti ọjọ́ kìíní. Bí ó bá pọ̀ jù, oògùn kò ní ká a, ègé ẹ̀jẹ̀ dídì kéékèèké á máa wà nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n ni kí a fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú. Mílílítà kan ẹ̀jẹ̀ wọn nǹkan bí gíráàmù 1.05, nítorí náà 450 á wọn bíi gíráàmù 475, láìka báàgì àti oògùn inú rẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń mi báàgì, kí òṣìṣẹ́ máa fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 45 síra wọn títí tí yóò fi kún. Báàgì tó ju ìṣẹ́jú 15 lọ kó tó kún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dì lójú ọ̀nà. A lè lo sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ bí kò bá ní ègé dídì, ṣùgbọ́n a kì í ya pílátílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé kéékèèké tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí omi ẹ̀jẹ̀ kúrò lára irú rẹ̀.

Ní 1916 ni Rous àti Turner fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí a bá po sítréètì mọ́ ṣúgà, sẹ́ẹ̀lì pupa lè pẹ́ níta ara. Oswald Robertson lo ìmọ̀ yìí lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé ní 1917, ó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sínú àpótí yìnyín de àwọn jagunjagun tó fara gbọgbẹ́. Loutit àti Mollison ṣe omi oògùn tí wọ́n ń pè ní ACD ní Britain ní 1943, ìyẹn sì gbé ọjọ́ ìpamọ́ dé 21. CPDA-1 gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1979, ó sì gbé e dé 35. Lẹ́yìn náà ni omi àfikún bíi SAGM dé, tí wọ́n ń dà sórí sẹ́ẹ̀lì pupa lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya omi ẹ̀jẹ̀ kúrò. Ó gbé ọjọ́ náà dé 42 ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Britain ṣì dúró sórí 35.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òtútù

Nǹkan bí tírílíọ̀nù méjì sẹ́ẹ̀lì pupa ló wà nínú báàgì kan, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ara ń ṣe tuntun lójoojúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lò tó ọjọ́ 120 kó tó kú. Èyí ni pé lọ́jọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀ gan-an, àwọn kan wà nínú rẹ̀ tó ti gbó, tí ọjọ́ wọn ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ ń lọ.

Sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù fi ń lo ọ́síjìn láti dá agbára sílẹ̀. Ṣúgà nìkan ló ń jẹ, ásíìdì láktíìkì ló sì ń tì jáde. Nínú ara, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ń gbé ásíìdì yìí lọ sínú ẹ̀dọ̀. Nínú báàgì, kò sí ibi tó ń lọ. Odindi ẹ̀jẹ̀ inú CPDA-1 bẹ̀rẹ̀ ní pH 7.60 (pH ni òṣùwọ̀n kíkan; bí ó bá ṣe ń wálẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i), nígbà tó bá fi di ọjọ́ 35, ó ti wálẹ̀ sí 6.98. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń kan sí i, àwọn énsáìmù tó ń fọ́ ṣúgà ń rẹ̀wẹ̀sì, ATP sì ń dín kù títí yóò fi ku nǹkan bí ìdá 56 nínú 100 ohun tó jẹ́ lọ́jọ́ kìíní.

Ohun tó yára sá lọ jù lọ ni 2,3-DPG. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí hẹ̀móglóbìn, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú sẹ́ẹ̀lì, jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá dé ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní i yóò gbé ọ́síjìn dáadáa nínú ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n yóò di í mú nígbà tó yẹ kó tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibí ni ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ti pàdánù gbogbo iyì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ti wọ ara aláìsàn, tó rí ìgbóná àti ṣúgà, yóò tún 2,3-DPG ṣe. Nǹkan bí ìdajì á padà láàárín wákàtí mélòó kan, ìyókù á padà láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ibi tí ìdádúró yẹn ti lè ṣe nǹkan ni lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójijì, tí kò ní wákàtí kankan láti fi dúró.

Pọtásíọ̀mù ni ó máa ń dẹ́rù ba àwọn dókítà jù. Ẹ̀rọ kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń ti sódíọ̀mù síta, tó sì ń fa pọtásíọ̀mù wọlé láìdákẹ́, bí ẹni ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jò. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹ̀rọ yìí dúró, jíjò sì ń bá a lọ. Nínú odindi ẹ̀jẹ̀ CPDA-1, pọtásíọ̀mù inú omi ẹ̀jẹ̀ ń gòkè láti 4.2 mmol nínú lítà kan lọ́jọ́ kìíní dé 27.3 lọ́jọ́ 35. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tí a ti ya omi kúrò lára rẹ̀, tí ilé ìwòsàn ń pè ní packed cells, ó ń dé 78.5. Iye yìí bani lẹ́rù lóòótọ́, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: omi tó ṣẹ́ kù nínú báàgì packed cells kò tó mílílítà 100. Bí a bá kó gbogbo pọtásíọ̀mù inú báàgì kan jọ, yálà ti odindi ẹ̀jẹ̀ tàbí ti packed cells, kò ju bíi mmol 5 sí 8 lọ. Àgbàlagbà tó ń gba báàgì kan láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta, tí kíndìnrín rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ tuntun tí a tú u sí lára kíákíá lè kú nítorí rẹ̀. A ó padà sí i.

Ìrísí sẹ́ẹ̀lì náà ń yí padà. Ó wọlé bí àwo pẹlẹbẹ tó jìn láàárín, ó di ohun tó yọ ṣóńṣó káàkiri ara, lẹ́yìn náà ó di roboto. Èyí tó ṣì wà ní ipò ṣóńṣó lè padà sípò bí ATP rẹ̀ bá padà. Èyí tó ti di roboto kò lè padà mọ́, torí pé ó ti já lára awọ rẹ̀ sọnù bí àpò roboto kéékèèké. Awọ ti dín kù, ohun inú rẹ̀ kò dín kù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó le, kò ṣeé ká mọ́. Ọlọ inú ní àwọn àlàfo tóóró tí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ká ara rẹ̀ kọjá. Èyí tí kò bá lè kọjá, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó wà níbẹ̀ á gbé e mì, irin inú rẹ̀ á sì tú sínú ara.

Àwọn mìíràn ń bẹ́ sínú báàgì kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀ rárá. Hẹ̀móglóbìn tó já sínú omi ẹ̀jẹ̀ ń gòkè láti nǹkan bí mílígíráàmù 82 nínú lítà kan dé 461 lọ́jọ́ 35. Hẹ̀móglóbìn tó ń rìn gbéregbère báyìí máa ń gba nitric oxide mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, nitric oxide yìí sì ni ó ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ là. Ìdí nìyí tí Amẹ́ríkà fi ní sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 1 nínú 100 títí di ọjọ́ tí báàgì yóò parí. Ní Yúróòpù, 0.8 ni ààlà wọn.

Níbo ni 35 ti wá?

Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ dára lọ́jọ́ 35, tó sì di májèlé lọ́jọ́ 36. Òfin kan ló wà nídìí rẹ̀: wákàtí 24 lẹ́yìn tí a bá fa ẹ̀jẹ̀ síni lára, ó kéré tán ìdá 75 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì náà gbọ́dọ̀ ṣì máa rìn nínú òpó ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń fi kírómíọ̀mù 51 sàmì sí sẹ́ẹ̀lì ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, wọ́n á dá a padà sí i lára, wọ́n á sì ka iye tó kù lọ́jọ́ kejì.

Odindi ẹ̀jẹ̀ inú CPDA-1 ń gba nǹkan bí 79 nínú ìdánwò yìí lọ́jọ́ 35. Ó kọjá. Packed cells inú CPDA-1 kan náà ń gba bíi 71. Kí ló fà á? Nígbà tí a ya omi ẹ̀jẹ̀ kúrò, ọ̀pọ̀ nínú ṣúgà àti ádínáìnì bá omi náà lọ, sẹ́ẹ̀lì wá kù pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá sì fún omi rẹ̀ gbẹ jù, tí sẹ́ẹ̀lì fi kọjá ìdá 80 nínú 100 ohun tó wà nínú báàgì, ṣúgà lè tán kí ọjọ́ 35 tó pé. Nítorí èyí gan-an ni wọ́n ṣe ṣẹ̀dá omi àfikún: mílílítà 100 SAGM, tó ní iyọ̀, ádínáìnì, ṣúgà àti mánnítọ́ọ̀lù, ni wọ́n ń dà lé sẹ́ẹ̀lì lórí. Mánnítọ́ọ̀lù ni kì í jẹ́ kí awọ sẹ́ẹ̀lì tètè bẹ́. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ láàbù tí ẹ ń fọwọ́ ya ẹ̀jẹ̀ láìsí omi àfikún, ẹ fi nǹkan bí ìdámẹ́ta omi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì. Oúnjẹ wọn ni.

Ṣé aláìsàn mọ ìyàtọ̀ rẹ̀?

Ní 2008, àwọn oníṣègùn Cleveland ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún. Nínú àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ tó ju ọjọ́ 14 lọ, 2.8 nínú 100 kú sílé ìwòsàn. Nínú àwọn tó gba èyí tó kéré sí i, 1.7. Ìròyìn yẹn dá jìnnìjìnnì sílẹ̀ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́jú àtijọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò, ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò gba èwo. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lè ṣini lọ́nà, torí pé oríṣiríṣi nǹkan mìíràn lè ya ẹgbẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀.

Nítorí náà wọ́n ṣẹ́ kèké. Nínú ìwádìí ABLE tó jáde ní 2015, àwọn aláìsàn 2,430 tí àìsàn wọn le gan-an gba ẹ̀jẹ̀ tó lo ìpíndọ́gba ọjọ́ 6 tàbí 22. Láàárín ọjọ́ 90, 37.0 nínú 100 kú nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, 35.3 nínú ẹgbẹ́ kejì. INFORM ní 2016 yẹ àwọn aláìsàn tó ju 20,000 wò ní Australia, Kánádà, Ísírẹ́lì àti Amẹ́ríkà: 9.1 kú nínú àwọn tó gba èyí tó tuntun jù, 8.7 nínú àwọn tó gba èyí tó pẹ́ jù. TRANSFUSE ní 2017, pẹ̀lú àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000, bá àbájáde kan náà bọ̀. Kò sí èyí tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tuntun gba ẹ̀mí là ju èyí tó pẹ́ díẹ̀ lọ.

Èyí tó kàn wá jù lọ ni wọ́n ṣe ní Ilé Ìwòsàn Mulago ní Kampala, orílẹ̀-èdè Uganda, tó jáde ní 2015. Àwọn ọmọ 290 ni, láti oṣù mẹ́fà dé ọdún márùn-ún. Hẹ̀móglóbìn wọn kò ju gíráàmù 5 nínú dẹ́sílítà kan lọ, ibà tàbí àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ló sì mú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láktéètì inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti gòkè, àmì pé ọ́síjìn kò tó ara. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ tí a ń gbé dìgbàdìgbà wá sí wọ́ọ̀dù ọmọdé lọ́dọ̀ wa lásìkò òjò. Ìdajì gba ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ 1 sí 10, ìdajì gba ti ọjọ́ 25 sí 35. Bí 2,3-DPG tó ti tán bá lè pa ẹnikẹ́ni lára, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni. Lẹ́yìn wákàtí 8, láktéètì ti wálẹ̀ dé ibi tí wọ́n fẹ́ lára 61 nínú 100 ní ẹgbẹ́ tuntun, àti 58 nínú 100 ní ẹgbẹ́ tó pẹ́. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ọmọ tí hẹ̀móglóbìn rẹ̀ jẹ́ 3 kò gbọdọ̀ dúró de ẹ̀jẹ̀ tuntun nígbà tí báàgì ọjọ́ 30 tó bá a mu wà nínú fíríìjì.

A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kọjá ohun tí ìdánwò wọ̀nyí fi hàn. Díẹ̀ ni ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ 36 sí 42 nínú wọn, àwọn olùwádìí ní New York sì ti rí i lára àwọn tí ara wọn le pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, irin tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì tó kú ń fò sókè. Àwa tí CPDA-1 fi dúró sí 35 kò bá wọn dé ibẹ̀. Ohun kejì ni ó ń dùn wá. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lò nínú àwọn ìdánwò wọ̀nyí kò kúrò nínú òtútù lọ́jọ́ kan, wọ́n sì ti sẹ́ sẹ́ẹ̀lì funfun kúrò nínú ti Kampala. Kò sí ẹni tó ṣẹ́ kèké láti mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ inú fíríìjì tí iná ń já lórí rẹ̀ ń ṣe. Kò tiẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe é.

Ohun tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé

Àárín dígírì 2 sí 6 ni ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Bí ó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀lì á máa jẹ ṣúgà ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀, ásíìdì á sì tètè kún. Kòkòrò àìfojúrí tó bá bá abẹ́rẹ́ wọlé láti ara awọ olùfitọrẹ náà á máa bí sí i. Ọ̀kan nínú wọn, Yersinia enterocolitica, kò tiẹ̀ nílò ìgbóná, ó ń dàgbà nínú òtútù, irin ló ń jẹ, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó pọ̀ tó láti pani. Ìdí nìyí tí a fi ń bi olùfitọrẹ bóyá inú rún un tàbí ó yàgbẹ́ gbuuru láìpẹ́ yìí. Kì í ṣe ìbéèrè tí ẹ lè fò.

Bí ó bá tutù jù, ìyẹn burú ju ooru lọ. Omi inú sẹ́ẹ̀lì á di yìnyín, yìnyín á gún awọ rẹ̀, bí ó bá sì yọ́, gbogbo rẹ̀ á bẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fa irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí lára á máa tọ̀ ìtọ̀ dúdú, kíndìnrín rẹ̀ sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré tó ń lo fíríìjì ilé ló sábà ń kó sínú ewu yìí, torí pé ẹ̀yìn fíríìjì ilé àti ìsàlẹ̀ ibi tó ń ṣe yìnyín máa ń wọ ìsàlẹ̀ òdo. Fíríìjì bánkì ẹ̀jẹ̀ ní fáànù tó ń pín òtútù kárí, ó ní agogo tó ń dún bí òtútù bá yẹ̀, ó sì lè pa òtútù mọ́ fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Ẹ má fi oúnjẹ, omi mímu tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú rẹ̀, torí pé gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ṣílẹ̀kùn ni ooru ń wọlé.

Ẹ fi ojú tẹmómítà sínú ìgò omi kan tó wà láàárín báàgì, kì í ṣe kí ó rọ̀ sí afẹ́fẹ́, torí ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tutù tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, lóru pẹ̀lú. Bí iná bá lọ, ẹ kọ àkókò sílẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn pa, ẹ má ṣí i láti wo inú rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá tíì ṣiṣẹ́ nígbà tí tẹmómítà ń súnmọ́ 6, ẹ kó báàgì sínú kúlà pẹ̀lú páálí yìnyín, kí ẹ sì fi páálí ìwé sáàárín wọn kí yìnyín má fara kan ẹ̀jẹ̀. Inú kúlà, 10 ni òpin rẹ̀. Báàgì tó bá ti kọjá 10, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn, ẹ má sì dá a padà sáàárín àwọn yòókù, ìbáà jẹ́ pé ó kù ọjọ́ 30 kí déètì rẹ̀ pé.

Kí ẹ tó fi báàgì lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ gbé e dúró ṣinṣin sábẹ́ iná. Nínú odindi ẹ̀jẹ̀ tó ti fara balẹ̀, omi pupa rẹ́súrẹ́sú bí òróró ló wà lókè, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun kan tẹ̀lé e, pupa ló wà nísàlẹ̀. Ẹ wo ojú ìlà tí omi àti pupa ti pàdé. Bí ó bá ti ń pọ́n ròrò tí ó ń gun òkè wá sínú omi, sẹ́ẹ̀lì ti ń bẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwọ̀ báàgì wé àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀pá kéékèèké tó so mọ́ ọn lára. Bí báàgì bá dúdú ju ọ̀pá lọ, tí ó ti ń wọ elésè àlùkò, kòkòrò ti ń jẹ ọ́síjìn inú rẹ̀, ẹ má ṣe lò ó. Bákan náà ni ègé dídì, ìfófòó tàbí ihò lára báàgì.

Bí ó bá kúrò nínú fíríìjì, ìṣẹ́jú 30 ni ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tàbí kí ẹ dá a padà, wákàtí mẹ́rin ni kí gbogbo rẹ̀ fi tán. Ẹ má kì í bọ omi gbígbóná. Bí ó bá kọjá dígírì 42, sẹ́ẹ̀lì á bẹ́. Omi iyọ̀ nìkan ló lè bá a gba ọ̀pá kan náà: omi ṣúgà ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì, omi Ringer ní kálísíọ̀mù tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Àwọn tí ọjọ́ kàn gbọ̀ngbọ̀n

Àwọn kan wà tí a gbọ́dọ̀ wá ẹ̀jẹ̀ tuntun fún. Ọmọ ìkókó tí a fẹ́ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí ibà pọ́njú tàbí tí a fẹ́ fún ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà wà nínú wọn: ní Britain, ọjọ́ 5 ni òpin. Ọ̀rọ̀ pọtásíọ̀mù ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tó oṣù, tó ń gba mílílítà 15 fún kílò kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó ń wọlé jẹ́jẹ́, lè gba ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́. Ó tiẹ̀ sàn kí a pín báàgì olùfitọrẹ kan sí kéékèèké, kí ọmọ máa gba tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ju kí ó bá ẹ̀jẹ̀ olùfitọrẹ márùn-ún pàdé lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí a tan ìtànṣán sí náà ń jo pọtásíọ̀mù ju ti ìṣáájú lọ, ọjọ́ 14 péré ni wọ́n ń fún un lẹ́yìn ìtànṣán níbẹ̀.

Fún alárùn fòní-kú-fọ̀la-dìde tó ń gba ẹ̀jẹ̀ léraléra, ẹ̀jẹ̀ tó tuntun díẹ̀ ń pẹ́ lára ju àtijọ́ lọ, ìyẹn sì ń dín irin tó ń kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn kù. Irú èyí ni kí ẹ fi sí ìtòsí fún wọn bí ó bá wà. Ẹ má sì fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ AS.

Olùfitọrẹ náà kò jọ ara wọn. Àbùkù G6PD, énsáìmù kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, kò ṣọ̀wọ́n láàárín ọkùnrin Yorùbá. Sẹ́ẹ̀lì tó ní i kò lè gbèjà ara rẹ̀ bí ó ti yẹ lọ́wọ́ ipata tí ìpamọ́ ń dá sílẹ̀. Àwọn tó dán an wò ní New York rí i pé lẹ́yìn ọjọ́ 42, iye tó yè lẹ́yìn wákàtí 24 fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò ní i. Ìpíndọ́gba rẹ̀ ṣì kọjá 75, ṣùgbọ́n fún ọmọ ìkókó, ẹ yàgò fún un bí ẹ bá mọ̀.

Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, èyí tó súnmọ́ òpin jù ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kí ẹ tò wọ́n bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ń kó wọn wọ inú fíríìjì.

Ìbéèrè kan tó wá látẹnu nọ́ọ̀sì kan kẹ́yìn: bí déètì ara báàgì bá jẹ́ ti òní, ṣé a lè lò ó? Ẹ lè lò ó. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ kò tíì parí àfi bí ó bá di aago méjìlá òru. Bí dókítà bá pè fún un ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí àyẹ̀wò ìbáramu ti parí, tí ìwé òtútù fíríìjì kò fi àṣìṣe kankan hàn, tí omi rẹ̀ kò pọ́n lábẹ́ iná, ẹ fà á. Àyẹ̀wò ìbáramu náà, ẹ má jẹ́ kó di aago mọ́kànlá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.